Ọkọ̀ ojú irin Mẹ́kà sí Mẹ̀dínà: ṣé àlọ àti àbọ̀ ọjọ́ kan ṣeé ṣe fún ìyá arúgbó?

Ìbéèrè

Alhaja, ẹ káalẹ́ o. Olùkọ́ ni mí ní Ọmù-Àrán. Èmi àti màmá mi ń lọ Úmúrà ní oṣù méjì sí i, bí Ọlọ́hun bá fẹ́. Màmá ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún ọ̀tún sì ń dùn wọ́n. Ọjọ́ mẹ́wàá ni éjẹ́ǹtì wa ní Ìlọrin ṣètò, Mẹ́kà ni ilé tí wọ́n gbà fún wa wà. Ti Mẹ̀dínà, ọjọ́ kan ṣoṣo ni, bọ́ọ̀sì ni wọ́n á fi kó wa lọ kí wọ́n tó kó wa padà lálẹ́. Mo wá gbọ́ pé ọkọ̀ ojú irin kan wà tó ń sáré bí ìjì. Ṣé kí n ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ láti ilé ni, àbí kí n dé ọ̀hún ná? Éjẹ́ǹtì ní òun lè bá wa rà á, àmọ́ iye tó pè tó ìlọ́po méjì èyí tí mo rí lórí fóònù. Ṣé ó tiẹ̀ yẹ ká lọ ká bọ̀ lọ́jọ́ kan náà?

* * *

Àbúrò mi, má tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì kankan. Ọ̀pọ̀ ló máa sọ fún ọ pé kí o tètè rà á kó tó tán, mo sì mọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù. Ṣùgbọ́n kí ni ẹ ń lọ ṣe ní Mẹ̀dínà? Bí mo ṣe mọ àwọn ìyá wa, màmá rẹ kò ní fẹ́ padà wálé láì wọ Ráódà, àyè tó wà láàrin ilé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) àti mínbárì rẹ̀, èyí tó pè ní ọgbà kan nínú àwọn ọgbà àlùjánńà. Láyé ìjọ́un, ẹni tí èjìká rẹ̀ bá le ló ń rí ọ̀nà wọ ibẹ̀. Ní báyìí ìwé àṣẹ ni, orí Nusuk, áàpù ìjọba Sáúdí, ni wọ́n sì ti ń gbà á. Ọjọ́ wà lára rẹ̀, wákàtí wà lára rẹ̀. Tí wákàtí yẹn bá kọjá, ó ti kọjá nìyẹn. Wákàtí àwọn obìnrin sì yàtọ̀ sí ti àwọn ọkùnrin.

Dúró níbi gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn. Ọmọkùnrin ni ọ́. O ò lè bá màmá dé inú ibẹ̀. Nítorí náà, kí o tó ronú ọkọ̀, wá obìnrin kan nínú àwọn tí ẹ jọ ń lọ, kó gba àṣẹ ní wákàtí kan náà pẹ̀lú wọn, kó lè di ọwọ́ wọn mú. Nígbà tí èyí bá ti wà nílẹ̀ ni wàá mọ ọkọ̀ tí ẹ máa wọ̀. Wákàtí Ráódà ló ń yan ọkọ̀ fún èèyàn, ọkọ̀ kọ́ ló ń yan wákàtí. Tó bá wá di ọjọ́ tí o máa rà á, ìwọ fúnra rẹ ni kó o kọ orúkọ yín, má fi lé éjẹ́ǹtì lọ́wọ́.

Ọkọ̀ yẹn ń jẹ́ Haramain. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2018 ni Ọba Salman ṣí i, oṣù tó tẹ̀ lé e ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò. Ojú irin rẹ̀ gùn tó kìlómítà 450, eré rẹ̀ sì máa ń dé kìlómítà 300 ní wákàtí kan. Ẹ fi wé tiwa: Èkó sí Ìbàdàn jẹ́ kìlómítà 157, bíi wákàtí méjì ààbọ̀ lèèyàn ń lò nínú rẹ̀. Láàrin àkókò tí kò ju ìyẹn lọ, Haramain ti rin ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta. Bọ́ọ̀sì ní tiẹ̀ máa gbà tó wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà. Àlọ àti àbọ̀ lọ́jọ́ kan, ó ti di wákàtí mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí orúnkún tó ń dunni. Mi ò lè gbé ìyá mi sínú irú ìrìn bẹ́ẹ̀.

* * *

Àwọn mẹ́ta nínú ẹ̀yin òǹkàwé ti ta kò mí lórí ìdáhùn yìí, ẹ jẹ́ kí n dá wọn lóhùn.

Ẹni àkọ́kọ́, tó kọ̀wé láti Ọ̀fà, ní kí arákùnrin yìí ra ti àlọ sílẹ̀ báyìí, ọkọ̀ àárọ̀ kùtù, nítorí pé kò sí wákàtí Ráódà tí ọkọ̀ àárọ̀ kò bá mu, kó wá fi ti àbọ̀ sílẹ̀. Ọgbọ́n wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ aago mẹ́wàá alẹ́ ni wọ́n fún màmá ńkọ́? Ìyá ẹni àádọ́rin ọdún á wá máa jókòó kiri láti àárọ̀ kùtù títí di òru, láìsí yàrá tí wọ́n lè na ẹsẹ̀ sí. Inú oṣù ààwẹ̀ nìkan ni màá fara mọ́ ọn, pàápàá ọjọ́ mẹ́wàá ìkẹyìn, torí pé nígbà yẹn wọ́n máa ń fi ọkọ̀ kún ọkọ̀, síbẹ̀ ó ṣì máa ń kún. Ní oṣù mìíràn, ọkọ̀ pọ̀ lójúmọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń gba èèyàn 417. Ó ṣòro kó tán pátápátá ní àárín ọ̀sẹ̀.

Mo ní àárín ọ̀sẹ̀ o. Ní Sáúdí, ọjọ́ Jímọ̀ àti Sátidé ni òpin ọ̀sẹ̀. Láti ọ̀sán Àlàmísì, àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn ti ń rìn. Mẹ́ta lára àwọn tí mo mọ̀ tí wọn kò rí àyè, Àlàmísì ni gbogbo wọn fẹ́ lọ.

Ẹni kejì ní éjẹ́ǹtì náà gbọ́dọ̀ jẹun. Ó gbọ́dọ̀ jẹun lóòótọ́. Tó bá fi nǹkan díẹ̀ lé e fún wàhálà rẹ̀, mi ò ní bínú. Ohun tó mú kí n sọ pé kí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ ara rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó. Nígbà tí mo mú ìyá ọkọ mi lọ, ẹni tó ṣètò ìrìn àjò wa ló bá wa ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ó ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, mo rí orúkọ ìyá, mo dúpẹ́. Mi ò wo nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù. Nọ́ńbà ẹlòmíì ló kọ síbẹ̀, ti obìnrin mìíràn nínú ẹgbẹ́ wa tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ẹ kúkú mọ Ìlọrin, Aishat mélòó ló wà ní Pàkátà nìkan? Nígbà tí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà ibùdó béèrè ìwé, tó sì wò ó, kò bá wa jà, ó kàn mi orí. Ìyá dúró, wọ́n ń wò mí lójú. Mo pe ẹni tó rà á, fóònù rẹ̀ ń dún, kò gbé e. A padà sí ojú káńtà, àyè olówó gọbọi nìkan ló ṣẹ́ kù nínú ọkọ̀ tó máa bá wákàtí wa mu. Mo rà á. Ó dùn mí títí di òní, kì í sì í ṣe nítorí owó náà, bí kò ṣe ojú tí ìyá fi wò mí, bíi pé àwọn ló ṣẹ̀.

Nítorí náà, ṣí pásípọ́ọ̀tù síwájú ara rẹ. Kọ orúkọ bó ṣe wà níbẹ̀, lẹ́tà sí lẹ́tà. Orúkọ ìdílé lọ sí àyè orúkọ ìdílé. Má fi Alhaja kún un, má gé Abdulkareem kúrú. Ka nọ́ńbà náà sókè fún ẹlòmíì kó bá ọ wò ó.

Ẹni kẹta ní kí la fẹ́ fi ọkọ̀ ojú irin ṣe, bọ́ọ̀sì ń dúró ní Dhul-Hulayfah, níbi tí àwọn tó ń ti Mẹ̀dínà bọ̀ ti ń wọ hárámì, aṣọ àti àníyàn Úmúrà. Ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn. Mò ń padà bọ̀ wá síbẹ̀.

* * *

Ìgbà mẹ́rìnlá lẹ béèrè nípa owó sísan, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́.

Orí ìkànnì Haramain tàbí áàpù wọn lẹ ti máa rà á. Káàdì Visa àti Mastercard ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo káàdì náírà ni báǹkì wa ń gbà láyè láti ná lókè òkun, ẹ bi báǹkì yín léèrè kí ẹ tó jókòó tì í. Ẹni tó bá ní káàdì dọ́là, kó fi san án. Ẹni tó bá ní ọmọ tàbí àbúrò lókè òkun, kí ìyẹn bá a san án, ṣùgbọ́n ìwọ fúnra rẹ ni kó o ka nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù sí i létí. Tíkẹ́ẹ̀tì á wọlé sínú í-meèlì yín. Ẹ ya àwòrán rẹ̀ sórí fóònù, kẹ́ ẹ sì tẹ̀ ẹ́ síta sórí ìwé, torí pé báńtìrì kì í bẹ̀rù ẹnì kankan. Iye rẹ̀ ń yí padà láti ọkọ̀ sí ọkọ̀ àti láti ọjọ́ sí ọjọ́. Bí ẹnì kan bá sọ iye tó san ní ọdún tó kọjá fún yín, ẹ má fi jà.

Aago! Wákàtí méjì ni Sáúdí fi ṣáájú wa. Wákàtí tí wọ́n bá kọ sára tíkẹ́ẹ̀tì, ti ọ̀hún ni. Ọkùnrin kan tí a jọ wà ní ilé ìtura kò yí aago ọwọ́ rẹ̀ padà láti Ìlọrin, ó ń jẹ búrẹ́dì rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ ti ń wọ Mẹ̀dínà. Ẹ ṣọ́ra fún ọkọ̀ ìdájí náà. Aago méjìlá ààbọ̀ òru ọjọ́ Túsìdeè, alẹ́ ọjọ́ Mọ́ńdè lẹ máa kúrò ní yàrá yín.

Ohun kan tún nìyí fún ẹni tó fẹ́ wọ ọkọ̀ láti Jẹ́dà lọ́jọ́ tó bá balẹ̀: ibùdó méjì ló wà ní Jẹ́dà. Ọ̀kan wà ní Sulaymaniyah láàrin ìlú, èkejì wà ní pápákọ̀ òfurufú, lẹ́bàá Tẹ́míná Kìíní. Bí ọkọ̀ òfurufú yín bá sọ̀ yín sí tẹ́míná àwọn alálàájì, ìyẹn jìnnà sí i, ẹ máa nílò ọkọ̀ kí ẹ tó dé ibẹ̀. Ti arákùnrin Ọmù-Àrán kò kan èyí, Mẹ́kà ló ti ń gbéra. Ibùdó Mẹ́kà wà ní Rusayfah, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ mọ́sálásí Haram. Takisí lẹ máa wọ̀ débẹ̀. Ẹ fi wákàtí kan gbáko ṣáájú ọkọ̀, torí wọ́n á yẹ ẹrù wò, wọ́n á yẹ ìwé wò, wọ́n á sì ti ẹnu ọ̀nà kí ọkọ̀ tó gbéra.

* * *

Ẹnì kan ní mò ń gbé ọkọ̀ àwọn Lárúbáwá ga bíi pé a ò ní rélùwéè rí. Rárá o. Ọ̀fà ni wọ́n ti bí mi, ilé wa kò jìnnà sí ibùdó. Fèrè ọkọ̀ ló ń jí wa. Ìyá mi ń ta ẹ̀kọ àti àkàrà fún àwọn èrò tó ń lọ sí Kano, ojú fèrèsé ni wọ́n ti ń nawọ́ gbà á, èmi ni mò ń sáré gba owó. Ọdún 1908 ni ojú irin láti Èkó dé Ìlọrin. Ọdún 1908 yẹn náà ni ojú irin tí àwọn Òtómánì là láti Damásíkù dé Mẹ̀dínà. Nígbà tí mo gbọ́ èyí ní Mẹ̀dínà, tí wọ́n fi ilé ibùdó àtijọ́ náà hàn mí, omi bọ́ lójú mi. Ìlọrin àti Mẹ̀dínà jọ gbọ́ fèrè rélùwéè lọ́dún kan náà. Ojú irin àwọn Òtómánì kò dé Mẹ́kà láéláé. Ó gba àádọ́fà ọdún gbáko lẹ́yìn náà kí ọkọ̀ ojú irin tó so ìlú méjèèjì pọ̀.

Mo mẹ́nu ba Ọ̀fà fún ìdí kan. Ọkọ̀ tí a fi dàgbà máa ń dúró de èèyàn. Bí ó bá ti ń rìn díẹ̀díẹ̀, ọmọkùnrin á sáré fò mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ àwọn àgbà wa ṣì gbé ọkàn yẹn lọ sí ọ̀hún. Haramain kì í dúró de ẹnì kankan, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú kan. Ẹ sọ fún màmá ṣáájú, kí wọ́n má rò pé ìwọ lò ń kan wọ́n lójú nígbà tí o bá ní kí wọ́n máa bọ̀.

* * *

Mo ti ń retí ọ̀rọ̀ ogójì ìrun, ó ti dé. Ẹnì kan kọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú pé ọjọ́ kan ní Mẹ̀dínà kì í ṣe ìbẹ̀wò, pé ẹni tí kò bá kí ogójì ìrun níbẹ̀, èyí tó jẹ́ ọjọ́ mẹ́jọ, òfò ló ṣe.

Bàbá mi kí ogójì ìrun níbẹ̀, inú mi sì ń dùn sí i títí di òní. Ṣùgbọ́n lílọ sí Mẹ̀dínà kì í ṣe ara òpó Úmúrà, kì í sì í ṣe ara òpó Hájì. Hádíìsì ogójì ìrun yẹn, àwọn onímọ̀ ń jiyàn lórí bó ṣe lágbára tó. Èyí tí wọn kò jiyàn lé lórí ni pé ìrun kan nínú mọ́sálásí yẹn lóore ju ẹgbẹ̀rún ìrun níbòmíràn lọ, àfi mọ́sálásí Haram ti Mẹ́kà. Ẹni tó bá kí Áílà àti Aláàsárì níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ẹ má sọ fún un pé òfò ló ṣe. Olùkọ́ ni ọmọ yìí, iye ọjọ́ tí wọ́n fún un nílé ẹ̀kọ́ ló ń rìn mọ́.

Ọ̀rọ̀ Dhul-Hulayfah wá ńkọ́, tí àwọn kan ń pè ní Abyar Ali? Òun ni Míkáàtì, ìyẹn ààlà tí wọ́n ti ń wọ hárámì, fún àwọn tó ń ti Mẹ̀dínà bọ̀ sí Mẹ́kà, kò jìnnà sí ìlú rárá. Bọ́ọ̀sì ń dúró níbẹ̀. Ẹ máa wẹ̀, ẹ máa wọ hárámì, ẹ máa kí ìrun ràkáà méjì, ẹ máa ṣe àníyàn. Ọkọ̀ ojú irin kò ní dúró, kí ẹ tó jókòó dáadáa ó ti kọjá. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ṣe Úmúrà mìíràn nígbà tó bá padà dé Mẹ́kà gbọ́dọ̀ ti wọ hárámì rẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀. Ẹni tó sì lọ fún ọjọ́ kan, tí kò gba yàrá, níbo ló ti fẹ́ wẹ̀? Lórí ọ̀rọ̀ yìí, bọ́ọ̀sì borí, mo gbà.

Ẹni tí kò fẹ́ ṣe Úmúrà mìíràn ńkọ́, tó jẹ́ pé ilé tó gbà sí Mẹ́kà ló ń padà sí? Níbí ni àwọn àlùfáà kò ti fẹnu kò. Àwọn kan ní kò sí ohun tó kàn án. Àwọn mìíràn, pàápàá láàrin àwa tí à ń tẹ̀ lé ọ̀nà Máálíkì, ní kí ẹni tó bá ti kọjá Míkáàtì lọ sí Mẹ́kà má wọ ibẹ̀ láìní hárámì, àfi tó bá ní ìdí. Èmi kì í ṣe àlùfáà. Àlùfáà rẹ ni kó o bi, kó o sì bi í kí o tó ra tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀, má ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá ní kí ẹ wọ hárámì, ó túmọ̀ sí pé tí ẹ bá dé Mẹ́kà láago mọ́kànlá alẹ́, màmá ṣì ní láti yí Kaabà ká nígbà méje, kí wọ́n tún rìn láàrin Safa àti Marwa, pẹ̀lú orúnkún yẹn. Ọkọ̀ aago mẹ́ta ọ̀sán lẹ máa nílò nígbà náà, kì í ṣe ti alẹ́.

* * *

Nínú ìmọ̀ràn yín, ẹ ti kó mọ́sálásí Quba, òkè Uhud, itẹ́ òkú Baqi, ọjà dàbínù àti ilé ìtẹ̀wé Àlùkùránì jọ sínú ọjọ́ kan fún ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ ṣàánú ìyá náà. Mú Ráódà, mú ìrun méjì tàbí mẹ́ta nínú mọ́sálásí, bí ẹsẹ̀ bá sì gbà, kí takisí gbé yín dé Quba kí ẹ kí ràkáà méjì. Ó tó. Dàbínù wà ní Mẹ́kà náà.

Ẹni tó bá lè fi owó díẹ̀ kún un, kó gba yàrá fún òru kan. Èmi ì bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìyá ọkọ mi ká ní mo tún ní àǹfààní rẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì àlọ ọjọ́ kan, tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ ọjọ́ kejì, oorun láàrin. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí owó oṣù olùkọ́ jẹ́.

* * *

Arákùnrin wa ti kọ̀wé láti Mẹ́kà lónìí, àlùbáríkà. Ó ní wọ́n fún màmá ní Ráódà ní aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú ìrọ̀lẹ́ Túsìdeè, ti òun jẹ́ aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ kan náà, ìyàwó ẹnì kan láti Àjàṣẹ́-Ìpo ló máa bá màmá wọlé, àlùfáà rẹ̀ sì ní kò sí hárámì lọ́rùn wọn. Ó ń bi mí pé ọkọ̀ wo ni kí àwọn wọ̀.

Má wọ ti Àsùbáà. Jẹ́ kí wọ́n sùn lẹ́yìn ìrun. Mú èyí tó máa gbé yín dé Mẹ̀dínà ṣáájú aago mọ́kànlá, kí ẹ lè kí Áílà, kí ẹ jẹun, kí màmá jókòó lórí kápẹ́ẹ̀tì nínú mọ́sálásí títí wákàtí wọn á fi tó. Wọ́n gbọ́dọ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà àwọn obìnrin ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú. Ìwọ àti obìnrin yẹn, ẹ fẹnu kò sí ibì kan pàtó tí o ti máa gba màmá padà, kí ó jẹ́ abẹ́ agboòrùn ńlá kan tí nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà wà nítòsí rẹ̀, torí pé fóònù lè má wọlé. Tìrẹ jẹ́ aago mẹ́jọ, nítorí náà má ra àbọ̀ kankan tó bá ṣáájú aago mẹ́wàá ààbọ̀. Bí èyí bá ti pẹ́ jù fún màmá, fi Ráódà tìrẹ sílẹ̀ kí o mú wọn padà lẹ́yìn Mọ̀gàríbì. Ìwọ ṣì kéré, o ṣì máa padà wá.

Tí ẹ bá ń yan àyè, mú ẹ̀gbẹ́ fèrèsé fún wọn.